Ìwé-Ẹ̀rí Orí Ògiri Ilé Búrẹ́dì

Ọdún mẹ́ta ni mo fi po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì kan ní Mushin, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ìwúkàrà tó ti kan, ńṣe ni itọ́ máa ń kún mi lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ bì.

Ẹ̀yìn ilé ọ̀gá wa ni a ti ń ṣiṣẹ́: páànù lókè, ilẹ̀ lásán nísàlẹ̀, ààrò ńlá kan ní kọ̀rọ̀, àti ọpọ́n onígi gígùn tí a ti ń po ìyẹ̀fun. Àwa méje la wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, ọ̀gá nawọ́ sí bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ olórí wa, ó ní, "Máa wo ọwọ́ ẹ̀."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Bàbá náà sín sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi nu ṣòkòtò, ó sì ki ọwọ́ náà bọ inú ọpọ́n padà. Ó fìka tọ́ ìyẹ̀fun tó ti pò wò, ó lá a, ó ní iyọ̀ kò tó, ó tún fi ìka kan náà rò ó. Òógùn ń kán láti ṣóńṣó imú rẹ̀ sínú ọpọ́n. Nígbà tí mo gbójú kúrò, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, iná á pa gbogbo ẹ̀."

Kò pé oṣù kan tí èmi náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára jù.

A ò ní òṣùwọ̀n. Ẹ̀kúnwọ́ la fi ń bu ìwúkàrà: bó bá pọ̀ jù, búrẹ́dì á kan, bó bá kéré jù, á le bí òkúta. Èyí tó bá bàjẹ́, a ó rún un mọ́ ìyẹ̀fun ọjọ́ kejì. Aáyán ń gbé abẹ́ ọpọ́n. Orí ilẹ̀ ni a ń to àpò ìyẹ̀fun sí, eku sì ń sáré lórí wọn lójú wa. Ọ̀gá kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, kí nǹkan má baà ta sí i lára.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò omi wọlé. Orí tábìlì wọn ni mo ti rí búrẹ́dì tí wọ́n gé fún àwọn ọmọ. Bébà tí wọ́n fi wé e wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ilé búrẹ́dì mìíràn ní Èbúté Mẹ́ta ló sì wà lára rẹ̀. Obìnrin náà rí ojú mi.

"Ọ̀gá yín ò fẹ́ káwọn ọmọ jẹ tiwa," ló wí, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ìyá tèmi sì rèé, nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni mò ń gbé búrẹ́dì wa lọ fún un. Yóò jẹ ẹ́ tán, yóò gbàdúrà fún mi.

Ní ọdún kẹta, wolé-wolé kan dé lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú kakí. Ó wo ọpọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọpọ́n, ó jáde lọ tutọ́. Mo rò pé ẹjọ́ ló máa pe ọ̀gá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní wọ́n ti dá kíláàsì kan sílẹ̀ ní Yaba fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tà, ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò á gba ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí. Ó ní kí ọ̀gá fi ẹnìkan ránṣẹ́, ó kéré tán.

"Sà, ṣé ìwé ló ń po búrẹ́dì ni?" ọ̀gá bi í.

"Ọwọ́ ló ń pò ó," wolé-wolé dáhùn. "Ọwọ́ yẹn la sì fẹ́ kọ́."

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí n fowó mi kọ́ ọ, kó o wá gbé e lọ fún ẹlòmíràn? Padà sídìí ọpọ́n."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Sábó ló rán lọ, ẹni tí kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí. Oṣù méjì pé, ìwé-ẹ̀rí dé. Wọ́n fi dígí sí i, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lókè ọpọ́n wa. Mo bi ọkùnrin náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Wọ́n ní ká máa fọwọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ tẹ búrẹ́dì mẹ́rin nínú apẹ̀rẹ̀ ọjà, ó mú èyí tó rọ̀ jù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Sùúrùlérè ni oníbàárà wa tó tóbi jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ wọn dé, ó tú áńkáṣíìfù kan sí etí ọpọ́n wa. Búrẹ́dì wa ni. Ìrù eku wà láàárín rẹ̀, ó ti yan gbẹ bí okùn bàtà.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló gé e jẹ," obìnrin náà wí.

Ọ̀gá ò tilẹ̀ wo ìrù náà. Ó nawọ́ sí ògiri láti ẹnu ọ̀nà. "Mà, a kẹ́kọ̀ọ́ níbí o. Ẹ wo ìwé-ẹ̀rí wa, ìjọba fọwọ́ sí i."

"Ẹ pe ẹni tó lorúkọ yìí kí n rí i."

"Ó jáde."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbí?"

Ọ̀gá tún nawọ́ sí ìwé-ẹ̀rí náà. Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ìwọ, kí ẹ tó po ìyẹ̀fun, ṣé ẹ máa ń jọ̀ ọ́?"

Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi. "Rárá, Mà. A ò ní asẹ́."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀gá ti lé mi. Ọ̀dàlẹ̀ ló pè mí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ò sì ra búrẹ́dì rẹ̀ mọ́.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ló gbà mí síṣẹ́, ní ilé búrẹ́dì kékeré tó dá sílẹ̀ nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ní kí n lọ sí kíláàsì ní Yaba, òun ló san owó rẹ̀. Mo bi í pé, "Mà, ẹ ò bẹ̀rù pé mo lè lọ?"

"O lè lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ìwọ lò ń po búrẹ́dì tórúkọ mi wà lára ẹ̀."

Ní kíláàsì, olùkọ́ ní ká fi ọwọ́ tí a ò fọ̀ tẹ ègé búrẹ́dì kan, ká fi ọwọ́ tí a fọṣẹ fọ̀ tẹ èkejì. Ó kó wọn sínú ìgò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dé wọn. Nígbà tí a padà dé lọ́sẹ̀ kejì, èyí tí mo fi ọwọ́ ìdọ̀tí tẹ̀ ti hu irun, ó ti dúdú níbì kan, ó ti di àwọ̀ ewé níbòmíràn; èkejì ò ní nǹkan kan lára. Mo sáré jáde, mo bì. Ìyá mi ni mò ń rò, àti inú rírun tó ń dà á láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, tí à ń pè ní afẹ́fẹ́ lásán.

Mo yege. Mo kọ́ ìwọ̀n ìwúkàrà, mo kọ́ bó ṣe yẹ kí omi gbóná tó. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sí búrẹ́dì kíkan tàbí èyí tó jóná mọ́ nílé iṣẹ́ ìyá náà, ó sì rán ẹni méjì mìíràn lọ sí kíláàsì. Obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ Sùúrùlérè wá wò wá. Kò béèrè ìwé kankan. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọpọ́n, ó sì ní ká máa gbé búrẹ́dì wá láti ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gá mi àtijọ́ gbọ́, ó wá bá mi. "Padà wá. Màá fi ọ́ ṣolórí gbogbo wọn."

"Ṣé ẹ máa rán àwọn yòókù lọ sí kíláàsì?"

"Kí ni wọ́n tún ń lọ ṣe? Ìwọ ti lọ. Ṣáà gbé ìwé ẹ dání, a ó gbé e kọ́ sára ògiri."

Ó na ọwọ́ sí mi. Mi ò lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ń rí mi lára bí ẹni pé eku ni wọ́n ní kí n dì mú. Mo sọ pé mo ní ìyẹ̀fun nílẹ̀, mo wọlé.

Bàbá tó jẹ́ olórí wa ní Mushin náà wá lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró. Kò mọ̀wé. Mo mú un lọ sí Yaba, wọ́n sì gbà kó fẹnu àti ọwọ́ ṣe ìdánwò tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìgò, ó wo búrẹ́dì tirẹ̀ pẹ́ títí, ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Ogún ọdún," ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Mo ti kórìíra ọwọ́ bàbá yẹn tipẹ́. Lọ́jọ́ náà, ojú tì mí. Ọ̀gá tó mọ̀, tó sì dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, ni ìríra rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.