Fódà Mẹ́rin fún Sẹ́fà Mẹ́ta

Mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ní àárọ̀ Sátidé yẹn, mo sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ kí n lè tètè gbọ́ bí wọ́n bá pè mí láti ọ́fíìsì. Wọ́n fẹ́ gbé sẹ́fà tuntun dìde dípò ògbólógbòó kan ní ọ́fíìsì wa ní Warehouse Road. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, wọn kò tíì gbé ọ̀kan dìde láìpè mí.

Ilé iṣẹ́ wa ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté. Akọ̀wé ni wọ́n gbà mí sí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn sẹ́fà kó tó lọ ni mo wò tí mo fi mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n, tí gbogbo yòókù gbára lé: ọ̀kan ń pa àkọsílẹ̀ ẹrù mọ́, ọ̀kan ń dá oníbàárà tó ń wá kọ̀ntẹ́nà rẹ̀ lóhùn, ọ̀kan ń gba lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn àṣẹ tí a tẹ̀ fún un, tí yóò máa tẹ̀ lé ní ìlà-ìlà bí a bá ń tún un tò. Bí wọ́n ṣe dàgbà sí ni mo to àwọn àṣẹ náà, àgbà ṣíwájú. Nígbà tó yá, a pààrọ̀ iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta, n kò sì yí ètò mi padà. Èmi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹlòmíràn kò mọ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè mí, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajégúnlẹ̀. Mo máa ń jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀: "Rárá, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ti ìkẹta ni." Bí mo bá padà wọlé, obìnrin tó ń jókòó tì mí á ní, "Ọ̀gá àwọn ẹ̀rọ! Wọn ò lè mí láìsí ẹ?" Ó máa ń dùn mọ́ mi. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá wa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ètò yìí tò kí gbogbo wa rí i. Ẹ ti kó o pamọ́ bí ìyá arúgbó tó ń ki oògùn bọ abẹ́ ìrọ̀rí." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

Mo tò ó. Mo fi ọjọ́ orí sílẹ̀, mo fi iṣẹ́ pín in. Fódà kan, bí àpò tí à ń kó àṣẹ sí nínú kọ̀ǹpútà, wà fún ohun tí gbogbo sẹ́fà gbọ́dọ̀ ṣe, bíi kí aago wọn pé, kí ẹni tí a kò mọ̀ má lè wọlé. Mẹ́ta tó kù, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ sí òkè fódà kọ̀ọ̀kan ohun tó ń ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó wá sí mi lọ́kàn kí n fo ìlà kan, ìlà kékeré tí wọn yóò torí àìsí rẹ̀ pè mí. N kò fò ó.

Aago mẹ́wàá lù, ẹ̀wà ti wà lórí iná. Mọ́kànlá. Nígbà tó di méjìlá, èmi ni mo pè. Ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e.

"Ẹ kú ìsinmi o, mà! Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́wàá. Fódà ti gbogbo wọn la kọ́kọ́ lò, a wá lo ti oníbàárà. Wẹ́rẹ́ báyìí!"

"Kò sí ibi tó rú yín lójú?"

"Rárá o."

Mo ní bóyá kí n yà wá wò ó, pé kò jìnnà.

"Kí lẹ tún fẹ́ wá ṣe, mà? A ti ń tilẹ̀kùn. Ẹ gbádùn Sátidé yín."