Bí Mo Ṣe Gbé Àbúrò Mi Sínú Ìjì Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi! Ẹ wá àyè jókòó, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí. Bó bá wù yín, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Kábà níbí, níbi tí a ti ń fi "Okun o" kí ara wa. Jiógíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó jẹ́ kí ìtìjú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn!

Àbúrò mi ọkùnrin, Délé, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù. Kúùkù ni. Òun ló ń se oúnjẹ fún gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ìyá wa ń gbé ní Iyah-Gbede, kò sì fojú kan òkun rí láyé rẹ̀. Odò tí Màmá mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń rẹ gbágùúdá sí lọ. Láti ọjọ́ tí Délé ti wọ ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Délé wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí n gbé áàpù kan sórí fóònù mi. Áàpù yìí pín gbogbo òkun ayé sí agbègbè-agbègbè, ó sì ń sọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe fẹ́ àti bí ìgbì yóò ṣe ga tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òkun bá dákẹ́, àwọ̀ búlúù ni ẹ ó rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń le bọ̀, á di yẹ́lò. Bí ìjì bá ń jà, á pupa fòò, á sì máa yí po bí ìgbà tí ènìyàn ń ro ọkà. Délé ní ibi tí omi òkun ti gbóná, ní àwọn ilẹ̀ olóoru, ni ìjì ńlá bẹ́ẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹ̀ kọjá ààlà! Láràárọ̀ ni Màmá máa ń pè mí, pé ṣé òkun jí dáadáa? Èmi á ní, "Màmá, búlúù ni o." Òun á dúpẹ́, á gba oko lọ.

Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá òjò máa rọ̀ kí wọ́n tó sá èlùbọ́. Orí mi wú. Ṣé ẹ rí i, mo rò pé mo ti di ọ̀gá!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Délé pè mí pé Salvador ni àwọn ń lọ. Ohùn rẹ̀ ń já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ó ní òun lè má rí ọ̀nà pè fún ọjọ́ mélòó kan, kí n má ṣe bẹ̀rù.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí áàpù mi ní yàrá àwọn tíṣà. Mo kọ Salvador síbẹ̀. El Salvador ló gbé jáde fún mi. Ṣé mo kíyè sí "El" yẹn? Níbo ni mo ti fẹ́ kíyè sí i! Ohun tí ojú mi bọ́ sí ni òkun tó pupa fòò, tó ń yí biribiri. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbì ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, kí ọkọ̀ kankan má ṣe gba ibẹ̀ kọjá.

Mo pe Délé, kò wọlé. Mo tún un pè, kò wọlé.

Ó yẹ kí n fara balẹ̀, àbí? Rárá o! Màmá ni mo pè.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá ti wọ mọ́tò dé Kábà, èérí gbágùúdá ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Pásítọ̀ wa ti kó àwọn ẹgbẹ́ àdúrà jọ, gbogbo wa wà lórí eékún. Arákùnrin kan tiẹ̀ ń pàṣẹ fún ìjì náà pé kó padà síbi tó ti wá!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú. Délé ní àfẹ́sọ́nà, Tóyìn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Egbe. Bàbá Tóyìn kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi. Ẹ̀bẹ̀ ńlá la bẹ̀ kó tó gbà. Màmá tún gbé fóònù, ó fi ẹkún ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Tóyìn. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi pè mí. Kò pariwo. Ó kàn ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun di opó kó tó di ìyàwó, nítorí náà, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà dúró ná.

Ẹ̀yin ará, mo tún ń pe Délé títí ilẹ̀ fi mọ́, kò wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Délé ni, lórí fídíò! Oòrùn ń ràn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kún fọ́fọ́.

"Okun o, Àǹtí mi! Ẹ wò ó, wọ́n ń ta àkàrà níbí! Epo pupa ni wọ́n fi dín in!"

Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Délé, ìjì náà ńkọ́?"

"Ìjì wo, Màmá?"

"Ìjì tó ń jà ní Salvador!"

Délé wo òkè, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní Salvador tó wà ní Brazil ni òun wà, létí òkun Àtìláńtíìkì, omi ibẹ̀ sì tẹ́ bí ẹní. Ó ní orílẹ̀-èdè mìíràn ni El Salvador, òkun Pàsífíìkì ni tirẹ̀, ọ̀nà wọn sì jìn síra. Ó wá rọra bi mí pé: "Àǹtí mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní máàpù?"

Màmá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu.

Lẹ́yìn náà ni Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó jó yí pálọ̀ mi ká. Nígbà tó jó tán, ó ní kí n lọ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra iṣu, mo wọ mọ́tò lọ sí Egbe. Bàbá Tóyìn wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fi Salvador méjèèjì hàn án lórí fóònù.

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó wo fóònù náà títí.

"Èyí tó pupa yìí ni ìjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ibi búlúù yìí ni ọkọ ọmọ mi wà?"

Ẹ gbọ́ o! Ọkọ ọmọ mi! Ẹkún gbọ̀n mí, ẹ̀rín náà sì gbọ̀n mí.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù," ó ní, "kì í ṣe omi. Mo ń rò ó pé bí ọkọ bá wà lójú òkun, ta ni yóò máa bá ọmọ mi retí rẹ̀? Ìdílé tó lè fi odindi ìlú sórí eékún nítorí afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ lu ọmọ wọn, ọmọ mi kò ní dá retí níbẹ̀. Dìde, ìyá mi. Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn ka orúkọ ibi tán kó tó ké ìbòòsí, pàápàá bó bá jẹ́ tíṣà Jiógíráfì! Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹni ń ká lára kì í pọ̀ láyé. Bí ẹ bá ní irú ẹ̀, ẹ dárí jì í bó bá ṣi ìjì gbé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti pariwo rí, tó wá rí i pé kò sí nǹkan kan? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ojú má baà máa ti èmi nìkan!