Àpò ẹ̀kùrọ́ tí a fi dí òkun

Àwọn tó tú odi òkun wa lónìí tún kí mi kú iṣẹ́.

Òkun ti wó ọgbà igi tó ń dáàbò bo ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò.

Mi ò dúró dè wọ́n. Mo yá àpò ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìkọ̀yà, a rọ iyanrìn sí i, a tò ó sétí òkun. Gbogbo nǹkan ni mo ṣètò, àfi ọjọ́ tí wọ́n máa nílò àpò wọn.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, bàbá tó ṣáájú àwọn àgbẹ̀ náà ń ká àpò tó kẹ́yìn.

"Ọmọ mi, lọ́la làwọn tó ń ra ẹ̀kùrọ́ ń bọ̀."

"Bàbá, odi wa ńkọ́?"

"Ṣé a ó kàn fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? A ti fi iyanrìn ẹ̀ kọ ebè fún yín."

Lóòótọ́, ebè tò lọ gbọọrọ bíi ti oko iṣu. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ẹ̀yìn ọkọ́ lù ú kó lè le.

"Òjò kì í wó ebè tèmi," ni bàbá wí.

Ìgbì kan ṣoṣo ló kó mẹ́ta lọ.

Bàbá wò ó. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó gbé ọkọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kó ìkòkò jáde. Èmi náà ti mú ọkọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ bá sọ fún bàbá yìí?