Màmá Eléérú àti Irin Inú Ẹ̀wà

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ni kí ó máa jó oúnjẹ. Kì í ṣe pé kò mọ oúnjẹ sè o; ìjọba ló gbà á síṣẹ́ láti máa jó o. Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ ohun jíjẹ wò, òun ló ń sá ẹ̀fọ́, ẹja, àgbàdo àti ẹ̀wà gbẹ, tí ó ń lọ̀ wọ́n kúnná, tí ó sì ń ki díẹ̀ bọ ààrò títí yóò fi di eérú. Inú eérú yẹn ni wọ́n ti ń mọ iye irin, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, àti àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tò ó sínú ìwé ńlá kan tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń sọ ohun tí aláboyún yóò jẹ, tí àwọn ará iléeṣẹ́ àgbẹ̀ sì fi ń yan irúgbìn tí wọn yóò pín. Àlàyé yìí gùn jù fún àwọn ará àdúgbò wa. Màmá Eléérú ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ wọn.

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ẹ̀wà tó jóná níbikíbi, ọkàn mi a fò lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Mo máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ti iléèwé dé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, tábìlì funfun kan tí àbàwọ́n tíì wà lára rẹ̀, àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń gbé inú àpótí dígí, nítorí èémí ènìyàn lásán lè yí i. "Má mí sí i o," ni yóò wí bí mo bá ti wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń kí mi káàbọ̀. Bí mo bá ń jẹ kùkúńbà lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní omi lásán ni mò ń fi eyín rún. Ó mọ bí a ṣe ń ba adùn jẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu! Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ní igun yàrá náà, ẹ̀rọ ìlọta onírin kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Odó onígi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun sì ni Màmá Eléérú fi ń gún gbogbo nǹkan, tí òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀ ni ìyá mi sọ ìtàn náà fún mi.

Oyún mi ló wà nínú ìyá mi nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n oògùn náà ń rìn ín lọ́kàn. Ní àsìkò yẹn gan-an, inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti yẹ ẹ̀wà pupa kan wò tí irin inú rẹ̀ ju ti gbogbo ẹ̀wà yòókù lọ, iléeṣẹ́ àgbẹ̀ sì ti fẹ́ pín irúgbìn rẹ̀ fún àwọn ìlú tí ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wọn kò tó. "Ẹ̀wà mi" ló ń pè é, bí ẹni pé òun ló bí i.

"Gbé oògùn yẹn sọ́hùn-ún," ló sọ fún ìyá mi. "Ẹ̀wà mi tó ọ."

Ìyá mi ń jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Nígbà tó padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tún lọ sílẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ń lọ báyìí, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyá tàbí ọmọ.

"Sọ òótọ́ fún mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣé o ń jẹ ẹ̀wà náà àbí ò ń dà á nù?"

"Àǹtí, tí ẹ bá gbọ̀n mí báyìí, ẹ̀wà ló máa dún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tú ẹ̀rọ ìlọta palẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ẹ̀wà pupa yẹn le bí òkúta. Gbogbo ìgbà tó bá ń lọ̀ ọ́ ni ẹ̀rọ máa ń ké. Ó fọwọ́ pa eyín ẹ̀rọ náà, ó sì rí i pé wọ́n ti jẹ, wọn ò mú mọ́. Irin tó jẹ kúrò lára wọn, ibo ló gbà? Inú ẹ̀wà tó ń lọ̀ ló ń dà sí, òun sì ti kà á mọ́ ti ẹ̀wà.

Ó lọ ra odó, ó gún ẹ̀wà náà, ó jó o, ó tún un wò. Irin tó bá níbẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó kọ sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ilé ìyá mi ló gbà lọ, tòun ti oògùn mìíràn tí nọ́ọ̀sì ní kò ní rìn ín lọ́kàn, àti ẹ̀dọ̀ màlúù. Ó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ má ṣe báyìí sí mi."

"Èmi ni mo ní kí o má lo oògùn," ló ń sọ. "Èmi ni."

Ẹ̀yìn ìyẹn ló lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n pa iye náà rẹ́. Ọ̀gá ní wọ́n ti ń di irúgbìn sápò. Màmá Eléérú ní kí wọ́n tú àpò. Ọ̀gá bínú, ó sì yàn án lódì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tú u. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi rọra gòkè, wọ́n sì bí mi, mo kéré, mo sì ń pariwo.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá Eléérú wà ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ìyá mi ti kú nígbà náà, òun náà ò sì dá ènìyàn mọ̀ dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo se ẹ̀wà tí mo ti gún kí ó lè rọ̀, mo sì gbé e wá fún un. Ó pa ẹnu dé, ó ń wo ṣíbí.

"Kí lo fi lọ̀ ọ́?"

"Odó ni mo fi gún un."

Ó wò mí títí. Orúkọ ìyá mi ló fi pè mí.

"Ṣé ò ń lo oògùn ẹ?"

"Mò ń lò ó, Àǹtí," ni mo dá a lóhùn.

Ó lanu, mo sì fún un jẹ.