Oòrùn Inú Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Tíṣà Mùhámmẹ́dù fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísírì ní Kàbà. Àmọ́ látìgbà tí Bíllíkísù ìyàwó rẹ̀ ti kú, ewúrẹ́ aládùúgbò ló kù tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ìyẹn tó bá ń lé e kúrò nídìí ẹ̀fọ́.

Òkè òkun ni Húsnà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ purotéènì tí ewé fi ń gba agbára oòrùn, kó tẹ́ ẹ sórí èédú, kí iná mànàmáná lè ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pe bàbá rẹ̀, á sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà.

"Okun, Bàbá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

Ó parí. Bíllíkísù ló máa ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn. Èyí ń dun Tíṣà ju àìsí ọbẹ̀ lọ.

Ló bá ní òun náà á ṣe iná ewé, kí òun lè rí nǹkan bá ọmọ òun sọ. Ó já tẹ̀tẹ̀ tí Bíllíkísù gbìn, ó bọ̀ ọ́, ó gún un, ó sẹ́ ẹ. Ó fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ó yọ ọ̀pá èédú inú rẹ̀, ó fi omi ewé kùn ún, ó so mítà tí wọ́n fi ń wọn iná mọ́ ọn, ó gbé e sóòrùn. Abẹ́rẹ́ mítà kò mira. Jímọ̀ mẹ́ta gbáko, pàbó ni.

Ojú tì í, síbẹ̀ ó sọ fún Húsnà bó ṣe ṣe é.

"Ẹ bọ̀ ọ́, Bàbá? Lómi gbígbóná?"

"Ta ní í jẹ tẹ̀tẹ̀ láìbọ̀ ọ́? Bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Àgbà tíṣà ló tàsé bẹ́ẹ̀ o. Húsnà bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tí Tíṣà kò gbọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. "Ooru ti pa purotéènì inú rẹ̀. Ọbẹ̀ lẹ ń sè. Ẹ gún un ní tútù, mò ń dúró."

Tíṣà gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Bó ti ń gún ewé ni Húsnà ń sọ̀rọ̀: òtútù ibẹ̀, búrẹ́dì tó ti sú u, ohùn ìyá rẹ̀ tó ń gbọ́ lójú oorun. Tíṣà sẹ́ ẹ, ó fi omi rẹ̀ kun ọ̀pá èédú, ó so mítà mọ́ ọn, ó gbé e sóòrùn. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó sún díẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ṣé ó ti sún, Bàbá? Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Tíṣà wo abẹ́rẹ́. Ó wo àgbàlá tó dá páropáro.

"Kò tíì sún," ó ní. "Má tíì lọ, ọmọ mi."