Bàbá Àgbà Da Omi Sínú Mọ́tò Òyìnbó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí!

Ajẹ́lẹ̀ Badagry tó ń padà sílùú òyìnbó gbé mọ́tò rẹ̀ síta fún títà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, imú gígùn, ó ń sáré bí ìjì!

Bàbá bàbá mi, apẹja ni wọ́n, láwọn máa rà á. Wọn ò wo ẹ́ńjìnnì, wọn ò wo táyà. Wọ́n pọn omi ọ̀sà, wọ́n dà á sínú mọ́tò, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, bí a ṣe ń dán ọkọ̀ ojú omi wò.

Òyìnbó figbe ta: "Bàbá! Kí lèyí?"

"Mò ń wò ó bóyá ó ń jò ni. Ó sì ń jò."

"Mọ́tò kì í rìn lórí omi!"

Bàbá wò ó tàánútàánú. "Ọmọ mi, Gberefu lódìkejì ọ̀sà ni mò ń gbé. Ibo lo fẹ́ kó gbà délé?"

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dín owó kù!

A so ọkọ̀ ojú omi méjì pọ̀, a gbé mọ́tò lé e. Àwa ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, Bàbá jókòó sáyè awakọ̀ nínú mọ́tò, wọ́n ń fọn fèrè mọ́ àwọn apẹja pé kí wọ́n yà lọ́nà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa yà?