Fóònù Tó Ń Ṣọ́ Ẹni Tó Ni Ín

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló gbé Ìyá Àlíà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní òpópónà Ailegun ní Èkó, aṣọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oníke ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní fóònù òun kì í rí ọ̀sán kó tó kú, ó sì máa ń gbóná bí ẹni pé wọ́n gbé e ka iná. Mo pààrọ̀ bátìrì fún un. Kò pẹ́ tó fi padà wá pé bákan náà ló ṣì rí. Mo nu ẹnu ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀, mo bá a dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Ó tún padà wá. Kò bínú, kò pariwo, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò lè jókòó. Bó bá ti jókòó báyìí, yóò dìde, yóò wo títì, yóò tún jókòó.

Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fóònù, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ṣì wà nígbà náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í gbé ojú sókè bí wọ́n bá ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà. Èmi ni obìnrin kan ṣoṣo tó ń tú fóònù ní àdúgbò yẹn, àwọn oníbàárà sì sọ mí ní Àǹtí Ẹ̀ńjíníà. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Títí dòní ni wọ́n ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ wa pín sí. Ọ̀kan ni ti ara fóònù: gíláàsì, bátìrì, sípíkà. Èkejì ni ti inú, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe jí láàárọ̀ àti bí yóò ṣe pe èèyàn. Bí a bá nu ètò yẹn kúrò tí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, a ti fláàṣì fóònù nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló sábà máa ń ni ètò inú rẹ̀, wọn a sì tì í pa. Ṣùgbọ́n àwọn ètò kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àwọn tó kọ wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní gbangba, ẹni tó bá lè kà á yóò kà á, ẹni tó bá rí àléébù níbẹ̀ yóò tún un ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Múfú fẹ́ràn wọn nítorí àwọn fóònù tòkúnbọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti pa tì. Àwọn tó ń ṣe ṣíìfù ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa, kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n gbé fóònù tuntun wá. Ètò ọ̀fẹ́ yìí la máa ń fi jí àwọn arúgbó fóònù wọn dìde.

Nígbà tí Ìyá Àlíà tún dé, mo pinnu pé mi ò ní tú ara fóònù mọ́, inú rẹ̀ ni máa wò. Mo ṣí ibi tó ti ń sọ ohun tó ń jẹ bátìrì. Mo rí áàpù kan tó sọ ara rẹ̀ ní olùtọ́jú bátìrì, ṣùgbọ́n kò ní àwòrán kankan lójú fóònù, mi ò sì rí irú rẹ̀ rí. Mo wo ohun tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe. Ó ń mọ ibi tí fóònù wà ní gbogbo ìgbà. Ó ń ka ọ̀rọ̀ tó bá wọlé. Ó ń gbọ́ ohùn. Ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ síbì kan láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo gbé fóònù náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo kó má baà gbọ́ wa, mo padà wá, mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni mo wá bi í pé ta ló ra fóònù fún wọn. Ó ní Bàbá Àlíà ni, ọkọ òun. Mo ní ta ló ṣí i fún wọn, tó to inú rẹ̀? Ó ní ọkọ òun náà ni.

Mo rọra ṣàlàyé ohun tí mo rí. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó sọ pé, "Ìdáyàt ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni Ìdáyàt, òun gan-an ló bá a wá iṣẹ́ náà. Gbogbo ibi tí Ìyá Àlíà bá yà sí ni ọkọ rẹ̀ máa ń mọ̀. Bó bá yà kí èèyàn ní Òkè-Àfà, ìbéèrè yóò ti dúró dè é nílé. Ọkùnrin náà tilẹ̀ ti lọ pariwo lé ọ̀gá ìyàwó rẹ̀ lórí lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá náà bá a sọ lórí fóònù. Ìyá Àlíà gbà pé Ìdáyàt ló ń tú àṣírí òun, ó sì ti yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ó sọ èyí tán, ó fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ ọ̀tún, ó ní kì í ṣe ẹnu nìkan ni Bàbá Àlíà fi ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo fa wáyà tí a fi ń fláàṣì yọ, mo ní kí n lọ gbé fóònù náà wá, kí n nù ún mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àlíà dìde, ó gba wáyà náà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí Ẹ̀ńjíníà, bí fóònù yìí bá dákẹ́ lónìí, èmi ni Bàbá Àlíà yóò bi léèrè."

Mo fẹ́ máa ṣàlàyé. Láti ìdí iṣẹ́ wọn ni Ẹ̀gbọ́n Múfú ti bi mí pé, "Fúnmi, ta ló ni fóònù?" Mo ní Ìyá Àlíà ni. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́."

Ohun tó fẹ́ kò ju kó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀ lọ, ẹni tó wà ní ìlú wọn, láìsí ẹni tó ń tẹ́tí gbọ́. Kí fóònù ti àkọ́kọ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó máa sọ pé ó wà níbi iṣẹ́, ó wà nílé. Ẹ̀gbọ́n Múfú ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n yọ tòkúnbọ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ, wọ́n ní kí n fi ètò ọ̀fẹ́ sí i. Èmi rò pé fóònù tuntun ì bá yá jù, ṣùgbọ́n wọ́n rán mi létí pé fóònù tuntun yóò fẹ́ kó fi ímeèlì rẹ̀ wọlé, ọkọ rẹ̀ ló sì ṣí ímeèlì náà, òun ló mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kì í bi èèyàn ní ímeèlì kankan. Láìnì tuntun nìkan ni Ìyá Àlíà yóò gbà, tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ gbà fúnra rẹ̀.

Fóònù náà kọ̀, kò jí. Mo fláàṣì rẹ̀, àmì tó máa ń yí lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí títí, kò ṣí. Mo tún un ṣe, ó tún ń yí. Ẹ̀gbọ́n Múfú ní ìkánjú kì í fláàṣì fóònù, kí n lọ ra búrẹ́dì. Mo ra búrẹ́dì dé, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo lọ kọ ìṣòro mi sí ibi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò yẹn ti máa ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ràn mí lọ́wọ́.

Kí èsì tó dé, Bàbá Àlíà ló kọ́kọ́ dé.

Ọkùnrin tó ń ta táyà ní Ìsọlọ̀ ni, ó mọ èèyàn kí. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó béèrè àlàáfíà wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wá ní ìyàwó òun máa ń wá síbí, òun sì fẹ́ mọ ohun tó máa ń wá ṣe. Ó yé mi lójijì pé fóònù náà ti sọ fún un. Gbogbo ìgbà tí obìnrin yẹn wá bá wa, ojú ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múfú ò mikàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bátìrì ni, pé a ti pààrọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kú, pé bóyá kí wọ́n tilẹ̀ bá a ra fóònù míì. Ọkùnrin náà yára dáhùn pé rárá, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dára. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí tòkúnbọ̀ tó wà níwájú mi, tí wáyà wà lẹ́nu rẹ̀, tí àmì rẹ̀ ń yí.

"Ta ló ni èyí?"

Mo ní, "Òkú fóònù ni, sà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa á tì. Mò ń wò ó bóyá yóò jí."

Ó gbé e sọ́wọ́. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti àárọ̀ má ṣẹlẹ̀ báyìí, kí fóònù má ṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń yí, ó ń yí. Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó ní, "Kò ní jí." Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pé bí ìyàwó òun bá mú ẹnikẹ́ni wá síbí, kí a pe òun.

Lọ́jọ́ náà la ránṣẹ́ sí Ìyá Àlíà pé kó má yà lọ́dọ̀ wa mọ́. Ìdáyàt la rán. Èmi fúnra mi ni mo lọ dúró dè é ní géètì ilé-iṣẹ́ wọn lásìkò tí ṣíìfù jáde, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń fọn fèrè. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ní kò kan òun lẹ́yìn ẹ̀gàn tó ti jẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó nu ojú, ó ní kí n mú fóònù wá nígbàkígbà tó bá ti jí, kọ́bọ́ọ̀dù òun níbi iṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, òun yóò tì í mọ́ ibẹ̀ fún Ìyá Àlíà.

Èsì sì dé láti ọwọ́ ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí, ní ìlú olótùútù kan tó jìnnà sí wa. Ó ní kí n má gba ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn fóònù gbọ́, kí n tú u, kí n ka nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Mo tú u. Òótọ́ ni, ẹnì kan ti fi èèpo fóònù mìíràn bò ó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Orúkọ tí mo ti ń pè é kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Mo wá ètò tó bá a mu, mo fláàṣì rẹ̀, àmì yẹn yí díẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Ẹ̀gbọ́n Múfú gbé ojú sókè nídìí iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Ìdáyàt gbé e lọ. Ohun tó kù di ìdúró, èmi ò sì mọ ìdúró ṣe. Mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ gba iwájú ilé-iṣẹ́ yẹn kọjá láìní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Bí fóònù oníbàárà bá dún lórí tábìlì, mo ti dìde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìdáyàt yà, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní Ìyá Àlíà ti mú ọmọ rẹ̀ níléèwé, wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò pàdé wọn ní gáréèjì. Ó ti fi fóònù àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò sọ orúkọ ìlú náà fún mi, èmi náà ò béèrè.

Kò pẹ́ tí Bàbá Àlíà fi wá. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ sórí tábìlì mi, èyí tó ti gbà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́, ó ní kí n bá òun wo ibi tí ó wà.

Mo mú un, mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Ibí yìí ló wà, sà."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Múfú rọra gbé irin wọn sílẹ̀, wọ́n dìde dúró. A wà bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde.

Àwọn ẹbí padà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Ṣakí, tó jẹ́ ìlú wọn, Ìyá Àlíà sì ní òun ò padà mọ́. Ìdáyàt ló ròyìn fún wa, tayọ̀tayọ̀. Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìsọlọ̀ báyìí. Ẹni tó bá gbé fóònù wá pé bátìrì ò pẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ bi í bóyá ẹlòmíràn mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á wẹ̀yìn kí wọ́n tó dáhùn, ìgbà náà ni ara mi kì í tún balẹ̀ mọ́.

Ìyá Àlíà fúnra rẹ̀ pè mí nígbà kan. Ó ní òun fẹ́ wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí tòkúnbọ̀ yẹn, ó sì ń bi òun ní ìbéèrè kan. Àlíà ló kà á fún un: ṣé ó gbà kí áàpù ojú ọjọ́ náà mọ ibi tí ó wà? Mo ní èsì wo ni wọ́n fún un. Ó ní òun ò tíì dáhùn, òun kàn ń wò ó ni.

"Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí," ó ní.

Mo ní bó bá wù wọ́n, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá wù wọ́n, kí wọ́n ní rárá, fóònù náà ò ní bínú. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń bi í léèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èwo ni kí òun tẹ̀.

"Tẹ rárá," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín.